Ọwọ́ Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Kọ́ Ọmọ

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa òbí, pàápàá láàárín àwa tí a ń tọ́mọ nílùú òyìnbó. Apá kan ní kí ọmọ ṣáà kúnlẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó fi ọwọ́ méjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìbáà mọ ìdí rẹ̀, ìbáà má mọ̀ ọ́n. Apá kejì ní ìkúnlẹ̀ tí kò ti inú wá, eré lásán ni, pé kí á fi ọmọ sílẹ̀ títí yóò fi lóye ohun tó ń ṣe. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọjáde, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, mo sì ti gbọ́ ọ láàárín tọkọtaya nínú mọ́tò tó ń ti òde bọ̀.

Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú ijó àwọn ará Íńdíà ni mo ti rí i. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ijó náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Bharatanatyam, ní London tí à ń gbé. Àwa òbí a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ó máa dúró de àwọn ọmọ wa. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe yóò rí i pé ìjà tí à ń jà lórí ìkúnlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ti jà á tán tipẹ́. Wọn kì í bèèrè bóyá ọwọ́ ló ṣe pàtàkì ni tàbí inú. Èwo ló yẹ kó ṣáájú ni wọ́n ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ijó tó jẹ́. Sangeet Natak Akademi, àjọ ìjọba Íńdíà tó ń mójú tó orin, ijó àti eré orí ìtàgé, ka irú ijó àtayébáyé mẹ́jọ sí pàtàkì. Bharatanatyam ti ilẹ̀ Tamil Nadu wà níbẹ̀, Kathakali àti Mohiniyattam ti Kerala, Kuchipudi ti Andhra, Odissi ti Odisha, Kathak ti apá àríwá, Manipuri, àti Sattriya ti Assam tí wọ́n fi kún un ní ọdún 2000. Olúkúlùkù ní aṣọ tirẹ̀, ìlù tirẹ̀ àti bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ìwé àtijọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́ka sí bí orísun wọn, Natyashastra, tí wọ́n ní ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Bharata ló kọ ọ́. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó ti tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún. Ìwé kejì, Abhinaya Darpana, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Nandikeshvara, ni àwọn ọmọ Bharatanatyam ń há sórí jù lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ní ọdún 1917, Ananda Coomaraswamy àti Duggirala Gopalakrishnayya gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni àwọn tí kò gbọ́ èdè Sanskrit tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ń rí i kà.

Apá méjì ni ijó náà pín sí. Nínú apá àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní nritta, ẹsẹ̀ ń dá ìlù lóhùn, ṣaworo ń dún ní kókósẹ̀, ọwọ́ sì ń yí kiri fún ẹwà nìkan, kò sọ nǹkan kan. Nínú apá kejì, nritya, ọwọ́ kan náà yìí yóò di ọ̀rọ̀. Yóò pe èèyàn, yóò bẹ èèyàn, yóò lé èèyàn lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọwọ́ kan náà ni. Ìka kò yí padà, bí wọ́n ṣe tò ó kò yí padà. Ohun mìíràn ló wọ inú rẹ̀.

Ọwọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ ń kọ́ ni Pataka. Ìka mẹ́rin nà gbọnrangandan, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àtàǹpàkò ká díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọmọ bá ti mọ èyí, kó tẹ ìka tí a ń fi òrùka sí wálẹ̀, ó di Tripataka, tó lè jẹ́ adé, tó lè jẹ́ igi, tó lè jẹ́ iná àtùpà. Bí ìka òrùka yẹn bá lọ fẹnu kan àtàǹpàkò tí àwọn yòókù sì nà, ó di Mayura, ọ̀kín. Bí gbogbo ìka bá là káàkiri tí ọwọ́ sì yí síta, ó di Alapadma, òṣíbàtà tó ti là tán. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọwọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí Abhinaya Darpana kà sílẹ̀, láìka àwọn tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe. Orúkọ wọn ni àwọn ọmọ ń kà pọ̀ ní ohùn kan ní Sanskrit, bí wọ́n ti ń kà á ni wọ́n ń fi ọwọ́ hàn án.

Ó rọrùn láti sọ. Ẹ gbìyànjú láti tẹ ìka òrùka yín wálẹ̀ kí ọmọńdinrín àti ìka àárín má tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́fà a máa fi ọwọ́ kejì di àwọn ìka yòókù mú, a máa bú wọn, a máa bẹ̀ wọ́n. Odidi oṣù lè kọjá lórí ìka kan ṣoṣo. Ní gbogbo àkókò yẹn, olùkọ́ kò ní sọ fún ọmọ pé kó ronú nípa òrìṣà, tàbí pé kó fi ìfẹ́ ṣe é. Ohun tó ń sọ ni pé kó na ìka náà, kó gbé ìgúnpá sókè, kó má ṣe jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ dẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìlò. Pataka nìkan lè dúró fún ìkùukùu, igbó, òru, odò, afẹ́fẹ́. Ó lè kọ̀ fún èèyàn, ó sì lè súre fún un. Báwo ni awòran yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́? Yóò wo ibi tí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ, bí ọwọ́ ṣe ń lọ, orin tí wọ́n ń kọ, àti ojú oníjó jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ojú gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ bá wà, kí ọkàn sì má ṣe jìnnà sí ojú. Bí ọwọ́ bá ń ya odò níwájú tí ojú ń wo ìyá lórí bẹ́ǹṣì, kò sí odò níbẹ̀.

Ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí àwa òbí dúró lé lórí díẹ̀: Anjali, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa pọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìkíni àwọn ará Íńdíà. Nínú ìwé, ibi gíga mẹ́ta ló ní. Lórí orí, ó jẹ́ ti òrìṣà. Níwájú ojú, ó jẹ́ ti olùkọ́. Ní àyà, ó jẹ́ ti àwọn Brahmin, ìran àlùfáà. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ ohun tó mú kí olùkọ́ yẹ fún ọ̀wọ̀ ti mọ ibi tí ọwọ́ olùkọ́ ń gbé dé. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó bá parí, wọn a tún ṣe namaskaram: wọn a bẹ̀rẹ̀ kan ilẹ̀, wọn a fi ọwọ́ náà kan ojú, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ fún títẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwa tí a mọ ìjúbà kò ní bèèrè kí ni èyí wà fún. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ kọ́kọ́ gbà pé ilẹ̀ ń gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọwọ́ ni wọ́n ti ń lọ sí orí, ọrùn àti ojú. Abhinaya Darpana ka ọ̀nà mẹ́sàn-án tí orí ń gbà yí, ọ̀nà mẹ́jọ tí ojú ń gbà wò, àti mẹ́rin fún ọrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti sọ ojú di iṣẹ́ pátápátá, ẹ lọ sí Kerala, níbi tí Kathakali ti wá. Nínú eré yìí, òṣèré kì í sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Àwọn akọrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi orin sọ ìtàn, òun ń fi ọwọ́ àti ojú sọ ọ́. Ọwọ́ ìpìlẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń lò, láti inú ìwé tó ń jẹ́ Hastalakshanadeepika. Láyé àtijọ́, alẹ́ ni eré ń bẹ̀rẹ̀, ó sì di òwúrọ̀ kó tó parí, àtùpà idẹ ńlá tí wọ́n ń bu òróró sí ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síwájú òṣèré. Ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé ibi púpọ̀. Ojú ló ń bá, torí náà ojú ni wọ́n kọ́ láti ru ẹrù ìtàn. Wọ́n tilẹ̀ ń fi hóró kékeré kan, láti ara òdòdó irúgbìn tó jẹ́ ìbátan ìkàn, sí abẹ́ ìpéǹpéjú kí ẹyinjú lè pọ́n kí yíyí rẹ̀ sì hàn.

Ní ọdún 1930, akéwì Vallathol Narayana Menon dá ilé ẹ̀kọ́ Kerala Kalamandalam sílẹ̀, nígbà tí iná Kathakali ń jó rẹ̀yìn. Cheruthuruthy, létí odò Bharathappuzha, ni ilé ẹ̀kọ́ náà fìdí kalẹ̀ sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jí. Wọn a fi bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n rí lára wàrà màlúù sójú, wọn a jókòó, ẹyinjú a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: sókè, sísàlẹ̀, láti igun kan dé igun kejì, ní òbìrípo, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó di wéréwéré. Ọdún lórí ọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀: ọdún 2021 ni ilé ẹ̀kọ́ náà tó gba àwọn ọmọbìnrin sínú ẹ̀kọ́ Kathakali.

Lẹ́yìn ẹyinjú ni wọ́n ń dé orí ohun tí àwa rò pé kò ṣeé kọ́: ìrísí ojú fúnra rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kà: ìfẹ́, ẹ̀rín, ìkáàánú, ìbínú, akin, ìbẹ̀rù, ìríra, ìyàlẹ́nu àti àlàáfíà. Mẹ́jọ ni Natyashastra kà, ìran tó tẹ̀ lé e ló fi àlàáfíà kún un. Ọmọ tó ń kọ́ ìbínú kò ní kọ́kọ́ bínú. Irun orí ojú ni wọn yóò ní kó gbé, lẹ́yìn náà ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí ibi kọ̀ọ̀kan lára ojú yóò fi máa gbọ́ àṣẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo mọ ohun tí apá kejì wa yóò sọ sí èyí: pé àgàbàgebè ni wọ́n ń kọ́ ọmọ. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà mọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó kọ́ wọn lọ́wọ́ ló tún sọ pé ọ̀nà mẹ́rin ni òṣèré ń gbà gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ awòran. Àkọ́kọ́ ni ara. Èkejì ni ohùn àti orin. Ẹ̀kẹta ni aṣọ àti ọ̀ṣọ́. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń pè ní sattvika, èyí tó ń ti inú lọ́hùn-ún wá. Àmì mẹ́jọ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: kí èèyàn dúró gan-an láìlè mira, kó làágùn, kí irun ara rẹ̀ dìde, kí ohùn rẹ̀ há, kó gbọ̀n, kí àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, kí omi bọ́ lójú rẹ̀, kó dákú. Ẹ wo àmì wọ̀nyí dáadáa. Kò sí olùkọ́ tó lè pàṣẹ fún irun ara ọmọ pé kó dìde. Àwọn tó kọ ìwé yìí mọ̀ pé ààlà wà. Ohun tó ṣeé kọ́ ni wọ́n kọ́ láìṣojo, èyí tí kò ṣeé kọ́ ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún.

Oúnjẹ ni Natyashastra fi ṣàlàyé ohun tí awòran ń rí gbà. Ata, iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn wọnú ìkòkò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n adùn tó jáde kì í ṣe ti ẹyọ kan nínú wọn. Adùn yẹn ni wọ́n ń pè ní rasa. Ọwọ́ nìkan kò ní i, ojú nìkan kò ní i. Ẹnu ẹni tó jẹun ló ti ń hàn.

Ibo ni ọmọ ti wá ń rí èyí tí olùkọ́ kò lè fún un? Ẹ jẹ́ kí a wo Balasaraswati, oníjó Bharatanatyam. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i ní ìlú Madras tí à ń pè ní Chennai lónìí, sínú ìdílé tí orin àti ijó jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn. Ìyá ìyá rẹ̀ ni Veena Dhanammal, ẹni tí àwọn olórin máa ń wá gbọ́ nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ̀, Jayammal, akọrin ni. Ọmọ ọdún méje ni Balasaraswati nígbà tó kọ́kọ́ jó níwájú àwùjọ ní Kanchipuram ní ọdún 1925. Nígbà tó dàgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, ohùn ìyá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń jó. Ó kú ní ọdún 1984, lẹ́yìn tí Satyajit Ray ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 1976. Olùkọ́ rẹ̀, Kandappa Pillai, le bí ojú ẹja, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fi kún inú ọwọ́ yẹn, ó ti ń gbọ́ ọ nílé kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ẹ̀kọ́.

Orin kan wà tí wọ́n máa ń dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀, Krishna Nee Begane Baro, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ ẹni mímọ́ Vyasatirtha. Ìpè ni: wọ́n ń pe òrìṣà Krishna, nígbà tó wà lọ́mọdé, pé kó yára wá. Akọrin yóò kọ ìlà kan náà, yóò tún un kọ, yóò tún un kọ. Oníjó kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè fi ìka pe ọmọ. Ó lè na ọwọ́ méjèèjì. Ó lè fi bọ́tà hàn án, torí Krishna fẹ́ràn bọ́tà débi pé ó ń jí i jẹ. Ó lè ṣe bí ẹni tó bínú, ó lè ṣe bí ẹni tó ń lọ tó sì ń yọjú wo ẹ̀yìn bóyá ọmọ ń bọ̀. Ìtàn tí gbogbo Íńdíà mọ̀ tún wà pé wọ́n fẹjọ́ sun ìyá pé ọmọ ń jẹ erùpẹ̀. Ìyá ní kó la ẹnu, ló bá rí gbogbo ayé, àti oòrùn àti òṣùpá, nínú ẹnu ọmọ kékeré. Ojú tó ń bínú yẹn gbọ́dọ̀ yí padà sí ìyàlẹ́nu lójú wa, kí ọwọ́ tó fẹ́ lu ọmọ sì gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe.

Ìlà kan ṣoṣo, ìpè mẹ́wàá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ohùn tí mo fi ń pe àwọn ọmọ mi lójúmọ́. Kò pọ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, gbogbo wa la sì mọ ojú tí àwọn ìyá wa fi ń bá wa wí lójú àlejò, tí wọn kò ní sọ ohun kan tí a ó fi gbé ẹran tó wà lọ́wọ́ wa padà sínú àwo. Ojú ìbáwí yẹn la jogún dáadáa. Ojú ìyàlẹ́nu ńkọ́? Ojú ìdúpẹ́ ńkọ́? Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà lórí fóònù ń wo ojú wa láti mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ ń sọ. Bí ojú tó bá rí bá jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ bóyá orúnkún kan ilẹ̀, ohun tí yóò kọ́ nìyẹn: pé ìkúnlẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣọ́ni fún.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ ní Íńdíà fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú orin ijó yìí jẹ́ orin ìfẹ́, obìnrin tó ń retí ẹni tó fẹ́ràn, tó ń bínú sí i, tó ń ránṣẹ́ sí i. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti fi fún tẹ́ḿpìlì láti kékeré, àwọn devadasi, ló pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwùjọ yí ojú padà sí wọn, ijó náà di ohun ìtìjú. Ní ọdún 1947, òfin dé ní Madras tó dá fífi ọmọbìnrin fún tẹ́ḿpìlì dúró. Kó tó di ìgbà náà, Rukmini Devi Arundale, ọmọ ìdílé Brahmin, ti jó níta gbangba ní 1935, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Kalakshetra sílẹ̀ ní Madras ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó mú kí àwọn ìdílé tó ń bẹ̀rù àbùkù lè fi ọmọ wọn ránṣẹ́, ó sì yọ ohun tó kà sí àṣejù ìfẹ́kúùfẹ́ kúrò. Balasaraswati kò gbà fún un. Lójú tirẹ̀, ìfẹ́ ni ọba láàárín àwọn ìrísí mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, kò sì dọ̀tí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti fọ̀ ọ́.

Gẹ́gẹ́ bí òbí, mo lóye ìbẹ̀rù àwọn ìdílé tó fẹ́ kí wọ́n fọ ijó náà mọ́. Mo tún mọ̀ pé àwọn obìnrin tó pa ijó náà mọ́ ni ìtìjú yẹn já lé lórí, nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn wá ń gba oríyìn lórí ohun tí wọ́n jogún. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, àwọn olùkọ́ tó gbọ́n kò dúró de ẹni tí yóò jàre. Ọmọ kékeré, orin Krishna tó ń jí bọ́tà àti orin ìyìn òrìṣà ni wọ́n ń fún un. Orin ìfẹ́ àwọn àgbà, irú èyí tí Kshetrayya kọ ní èdè Telugu ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n ń fi í pamọ́ di ìgbà tí ẹni tó ń jó ti rí ayé díẹ̀. Wọn kò purọ́ fún ọmọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì tì í síwájú láti ṣe ojú ohun tí kò mọ̀.

Kalanidhi Narayanan ni ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù lórí èyí. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ ijó láti kékeré, ní àkókò tí àwọn ọmọbìnrin ilé Brahmin bíi tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó relé ọkọ, ó fi ijó sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 1973 ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alarmel Valli ní ìrísí ojú àti ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní abhinaya. Ó gbà. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 2016, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀, abhinaya nìkan ló ń kọ́ni, àwọn tó ti mọ ijó tán sì ń wá jókòó níwájú rẹ̀. Ìjọba Íńdíà fún un ní oyè Padma Bhushan ní 1985. Ọwọ́ tó kọ́ ní kékeré kò sọnù nínú ọgbọ̀n ọdún yẹn. Ó wà níbẹ̀, ìgbésí ayé sì ń fi ìtumọ̀ kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n má kọ́ ọ ní ọwọ́ títí yóò fi mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́, ibo ni ìmọ̀ yẹn ì bá rí gbé sí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún?

N kò ní jẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Àwọn olùkọ́ wà tí igi tó yẹ kí wọ́n fi lu pátákó láti ka ìlù ti bá lára ọmọ, n kò sì rí ohun tí ìyẹn kọ́ ọmọ ju ẹ̀rù lọ. Arangetram tún wà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò dá jó níwájú àwùjọ, láti alarippu tó ń ṣí i dé tillana tó ń parí rẹ̀, ní ètò tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin ará Thanjavur tò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà kan rí, ọjọ́ tí olùkọ́ sọ pé ọmọ tó ni. Lóde òní, òbí a gba gbọ̀ngán, a kó olórin wá, a rán aṣọ lóríṣiríṣi, a tẹ ìwé ìpè, a bọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, àwa tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì a sì máa fi ọmọ wé ọmọ. Ọmọ tí wọ́n kánjú gbé dé ibẹ̀ lè ṣe ojú mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án bí ẹni ń ka nọ́ńbà, ẹ̀rín olùkọ́ rẹ̀ gan-an ni yóò rín, ní ibi tí olùkọ́ ti ń rín in. Ọwọ́ pé, ojú pé, kò sì sí ẹni tó jẹ adùn kankan.

Bí a bá fi èyí wo ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, apá méjèèjì nínú àríyànjiyàn wa ló lẹ́bi. Apá àkọ́kọ́ gbàgbé pé ọwọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òpin. Wọ́n kọ́ ọmọ ní ìdọ̀bálẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta náà ló ṣì ń ṣe, torí kò sí ẹni tó padà wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Apá kejì ń dúró de òye. Ṣùgbọ́n òye tó dé bá ọmọ tí kò ní ọwọ́ kankan yóò rìn gbéregbère: ọ̀dọ́ náà yóò fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá àgbà rẹ̀ tọkàntọkàn, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Mo ti rí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé òkú. Ìfẹ́ kún inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

Nílé wa, ohun tí a ti wá ń ṣe kò le. Ọmọ ń kúnlẹ̀, a kì í dunàá-dúrà lórí rẹ̀, bí olùkọ́ rẹ̀ kì í ti í dunàá-dúrà lórí ìka òrùka. A kì í sì í bi í léèrè bóyá ó ti ọkàn wá, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ kò jẹ wá ní ọkàn tí kò tíì ní. Ṣùgbọ́n bó ti ń dàgbà, a ń fi ìtumọ̀ kún un lọ́kọ̀ọ̀kan: ohun tí ìyá àgbà tó ń kí lórí fóònù la kọjá, ẹni tó san owó ilé ìwé bàbá rẹ̀, ìdí tí a fi ń fi ọwọ́ méjì gba ohun tí àgbà fún wa. Lọ́jọ́ tí àgbà bá wọlé, èmi àti bàbá rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wólẹ̀, kó lè rí i lójú wa pé ó wù wá.

Ẹ jẹ́ kí a dáwọ́ ìdájọ́ àwọn ọmọ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀ kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ṣì kù díẹ̀. Òbí tó mọ ìdí rẹ̀ tí kò sọ ọ́, tí kò sì jẹ́ kó hàn lójú òun alára, ni ká bi léèrè.